Ìlú Kékeré Kì Í Ṣe Ilé Ọba

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi, tí kò sì jẹ́ kí n sinmi. Àwòrán ni ó dá a sílẹ̀. Ẹ mọ irú àwòrán tí mò ń sọ: èyí tí àwọn ayàwòrán-ilé máa ń fi kọ̀ǹpútà yà nígbà tí ìjọba ìlú kan bá fẹ́ tún àárín ìgboro kọ́. Ilé onígíláàsì á dúró lọ́tùn-ún lósì, igi á ti dàgbà, ojú ọjọ́ á mọ́ rekete, àwọn ọ̀dọ́ á máa rìn gbẹ̀fẹ́ kiri. Mo ti rí irú rẹ̀ tó pọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú àwòrán náà: arúgbó tó ń gbé òkè ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń tún bàtà ṣe, ilé alájà méjì tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí. N kò rí ìkankan nínú wọn.

Kí n tètè sọ ọ́: n kò kórìíra àtúnṣe. Àárín ìlú tó ń kú lọ máa ń dun ẹni tó bá rí i. Ṣọ́ọ̀bù á tì, wọ́n á kan pákó mọ́ fèrèsé, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ á hu koríko, àwọn ọmọ á sì máa kó lọ síbi tí iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ire fún un. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé iṣẹ́ kan náà tó ń sọ ìlú kékeré kan di ọ̀tun ń sọ òmíràn di pápá, bẹ́ẹ̀ owó wà níbẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀ràn sì wà níbẹ̀. Kí ló fa ìyàtọ̀?

## Fort Trumbull

Ọ̀rọ̀ ìlú New London ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ní Amẹ́ríkà, ni mo ti rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn jù.

Ní 1998, àwọn tó ń gbé ìlú náà kò tó 24,000. Láti 1990 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti kà á mọ́ àwọn ìlú tí nǹkan kò rọgbọ fún. Nígbà tó di 1996, ìjọba àpapọ̀ ti ibùdó ìwádìí àwọn ọmọ ogun ojú omi tó wà ní àdúgbò Fort Trumbull pa, ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lé ní 1,500. Ẹ wo iye yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye gbogbo ará ìlú, kí ẹ tó dá àwọn aláṣẹ ibẹ̀ lẹ́bi ohunkóhun.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ní oṣù kejì 1998, ilé iṣẹ́ olóògùn Pfizer kéde pé òun yóò kọ́ ilé ìwádìí tí owó rẹ̀ tó 300 mílíọ̀nù dọ́là sí ẹ̀gbẹ́ Fort Trumbull gan-an. Ìlú rí ọ̀nà là. Wọ́n gbé àjọ kan tó ti sùn dìde, àjọ náà sì ya ètò sórí ilẹ̀ tó tó 90 éékà: òtẹ́ẹ̀lì létí omi, ibùdó ọkọ̀ ojú omi, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́bàá odò, 80 ilé tuntun, ilé àkójọ ohun ìrántí fún àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun, àti ọ́fíìsì fún àwọn olùwádìí.

Nǹkan bí 115 ilé àti ilẹ̀ ni ó jẹ́ ti aládàáni ní àdúgbò náà. Ọ̀pọ̀ àwọn onílé tà. Ènìyàn mẹ́sàn-án kọ̀, ilé àti ilẹ̀ wọn jẹ́ 15. Susette Kelo wà lára wọn, ó ra ilé rẹ̀ ní 1997 nítorí pé ó fẹ́ràn láti máa wo omi láti ojú fèrèsé. Wilhelmina Dery náà wà lára wọn. Inú ilé tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti bí i ní 1918, kò sì gbé ibòmíràn rí láyé rẹ̀.

Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹfà, 2005, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án dá ìlú láre. Wọ́n ní ìjọba lè gba ilé onílé, kí ó sì san owó rẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ètò ọrọ̀ ajé tí yóò ṣe ará ìlú láǹfààní ló fẹ́ fi ṣe. Adájọ́ Sandra Day O'Connor kò fara mọ́ ọn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ohun tí yóò dá ìjọba dúró mọ́ láti fi ilé ìtajà ńlá rọ́pò ilé ẹnikẹ́ni, tàbí kí ó fi ilé iṣẹ́ rọ́pò oko.

Ọ̀rọ̀ O'Connor ni gbogbo ayé ń tọ́ka sí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ojú mi ti là wà nínú ìdájọ́ àwọn márùn-ún yòókù. Àwọn adájọ́ náà sọ ọ́ gbangba pé kò sẹ́ni tó sọ pé ilé àwọn olùpẹ̀jọ́ wọ̀nyí ti bàjẹ́. Ibi tí ètò gbà kọjá ni wọ́n bọ́ sí, òun ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Wọ́n tún ní ìlú náà fara balẹ̀ ṣe ètò rẹ̀, pé ó gbà gbọ́ pé iṣẹ́ àti owó orí yóò ti ibẹ̀ jáde. Mo ka ibẹ̀ lákàtúnkà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n pe àwọn amòye, ìwé pé, òfin pé.

Ní oṣù kọkànlá 2009, Pfizer kéde pé òun ń fi New London sílẹ̀, pé òun yóò kó àwọn òṣìṣẹ́ òun lọ sí Groton ní òdìkejì odò. Nígbà yẹn, wọ́n ti tú ilé Kelo palẹ̀, wọ́n ti lọ tún un tò sí ibòmíràn nínú ìlú. Òtẹ́ẹ̀lì kò sí. Ilé 80 kò sí. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìdájọ́ tí ilẹ̀ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi ṣófo, tí koríko bò ó.

Bí ó bá jẹ́ ìwà ìbàjẹ́ ló fa èyí, ì bá rọrùn láti pa ọ̀rọ̀ náà tì. A ó ní kí wọ́n yan ènìyàn rere. Bí ó bá jẹ́ àìbìkítà ni, a ó ní kí wọ́n múra sí i. Àmọ́ ètò tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe ni. Ohun tó mú un wó ni pé gbogbo apá rẹ̀ fara ti ohun kan ṣoṣo. Òtẹ́ẹ̀lì ń retí àwọn àlejò ilé ìwádìí, ilé tuntun ń retí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ọ́fíìsì ń retí àwọn tí yóò bá a dòwò pọ̀. Nígbà tí ẹni tí wọ́n ń retí dìde, gbogbo rẹ̀ ló bá a lọ. Àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n wó ńkọ́? Ìkankan nínú wọn kò retí èkejì. Bí ẹnì kan bá kó jáde ní ọ̀kan lónìí, ti ẹlòmíràn á ṣì tan iná lálẹ́.

Ìtò iṣẹ́ náà ló burú. Ohun tí kò ṣeé dá padà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ohun tí kò dájú ni wọ́n wá jókòó dè.

## Ta ló lè fara da iná?

Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọ̀rọ̀ yìí wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fẹ́ràn kí a wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀ kí a tún un kọ́. Òótọ́ sì ni, fún ọba. Ọba ní ìṣúra, ó ní ènìyàn tí yóò pe jọ, ilé mìíràn sì wà tí yóò máa sùn títí wọn yóò fi parí iṣẹ́. Ìlú ńlá rí bẹ́ẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ kan bá sá kúrò ní ìgboro New York, ẹlòmíràn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ìlú kékeré kì í ṣe ilé ọba. Ilé iṣẹ́ tó bá kọ̀ ọ́ lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tó yà síbẹ̀ láàárín ogún ọdún. Ilẹ̀ tó bá ṣófo ní àárín rẹ̀ yóò pẹ́ kó tó kún, bí ó sì ti ṣófo, kò san owó orí tó tẹ́rùn, ó ń ba ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ jẹ́, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ibí yìí kò dára. Nítorí náà, ìlú tí kò lówó gan-an ni kò yẹ kó fi ilé tó ní pààrọ̀ ilé tí wọ́n ṣèlérí fún un. Ó dùn mí pé òun náà ni wọ́n sábà máa ń rọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀, torí ojú ń pọ́n ọn.

## Ohun tí éékà kan ń mú wá

Ẹnì kan lè ní, "Ilé ahẹrẹpẹ wọ̀nyẹn kò kúkú mówó wọlé." Ibi tí mo ti gbádùn ìwádìí yìí jù nìyí, nítorí pé ọ̀rọ̀ owó ni, ó sì ṣeé kà.

Ní Asheville, ìpínlẹ̀ North Carolina, ìlú tí ènìyàn inú rẹ̀ kò tó 100,000, Joe Minicozzi tó jẹ́ amòye ètò ìlú gbé ìbéèrè kan kalẹ̀: èló ni éékà ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń san ní owó orí? Ó mú ilé ìtajà Walmart tó wà lẹ́yìn ìlú, tí ó gba 34 éékà, pẹ̀lú àyè ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀. Ó mú ilé àtijọ́ kan ní àárín ìgboro tí wọ́n tún ṣe, tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, tó ní ilé gbígbé lókè, tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú márùn-ún éékà lọ. Owó orí Walmart lórí éékà kan jẹ́ nǹkan bí 6,500 dọ́là. Ti ilé àárín ìgboro jẹ́ nǹkan bí 634,000 dọ́là.

Ẹ má jẹ́ kí a kánjú yọ̀ lórí iye yìí, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dáadáa. Bí a bá sọ owó éékà di owó ilé lódindi, Walmart ń san nǹkan bí 221,000 dọ́là, ilé àtijọ́ ń san nǹkan bí 127,000. Walmart ló san jù lápapọ̀, kò yani lẹ́nu pé òun ni àwọn aláṣẹ ń rí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó gbà fi ìlọ́po 170 ju ti èkejì lọ. Méjì péré irú ilé àtijọ́ yẹn yóò san ju odindi Walmart lọ, wọn kò sì ní gba ilẹ̀ tó ìdajì éékà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Títì, páìpù omi, páìpù ìdọ̀tí àti iná òpópónà, bí wọ́n bá ṣe gùn tó ni owó wọn ṣe ń pọ̀ tó. Láti dé ibi tí ilé wà káàkiri, ìlú á na páìpù kọjá àyè ìgbọ́kọ̀sí, kọjá koríko, kọjá títì onílà mẹ́fà, lẹ́yìn náà òun ni yóò máa tún un ṣe títí ayé. Ní àárín ìgboro, àwọn tí ń dá owó páìpù kan náà pọ̀ lórí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń pè ní aláìní ní àárín ìlú ti ń gbé lára ẹrù owó títì àwọn tó wà lẹ́yìn odi láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àṣìṣe ńlá ni kí a wó ilé wọn nítorí owó orí, láìkọ́kọ́ ka owó orí tí wọ́n ń san.

## Ìlú tó ní sùúrù

Ní 1977, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà mú ìlú kékeré mẹ́ta láti dán ọ̀nà mìíràn wò: Galesburg ní Illinois, Madison ní Indiana, Hot Springs ní South Dakota. Wọn kò wó àdúgbò kankan. Wọ́n fi alákòóso kan sí ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àárín ìgboro nìkan, tí yóò máa bá àwọn oníṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Iwájú ilé tó ti bàjẹ́, wọ́n tún un ṣe. Ilé tí wọ́n ti fi páànù bò lójú nítorí àṣà ìgbà kan, wọ́n ṣí i. Iṣẹ́ tí kò tóbi tó láti gé ribọ́n sí ni. Láti 1980 tí ètò náà ti di ti gbogbo orílẹ̀-èdè, ìlú tó lé ní 1,000 ti bá a ṣe.

Greenville ní South Carolina ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Max Heller, ẹni tó sá kúrò ní Vienna ní 1938 nítorí ìjọba Násì, ló jẹ́ olórí ìlú náà láti 1971 dé 1979. Títì onílà mẹ́rin ló gba àárín ìgboro kọjá nígbà náà. Wọ́n dín in kù sí ìlà méjì, wọ́n fẹ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n gbin igi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ mìíràn tẹ̀ lé e.

Ibì kan wà ní àárín ìlú náà tí omi odò Reedy ti ń dà láti orí àpáta, àmọ́ láti 1960 ni afárá ọkọ̀ kan ti gorí rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọjá láìmọ̀ pé omi ń dà lábẹ́ wọn. Ní 2002 ni wọ́n tó wó afárá náà. Ní 2004, wọ́n ṣí ọgbà ìgbafẹ́ síbẹ̀, pẹ̀lú afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó tẹ̀ kọrọdọ tí ènìyàn lè dúró lórí rẹ̀ wo omi tó ń dà náà. Gbogbo ènìyàn ló ń ya fọ́tò afárá yìí, àwọn aláṣẹ ìlú mìíràn sì ń wá wò ó kí wọ́n lè lọ kọ́ tiwọn. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò hàn nínú fọ́tò: ó lé ní ọdún ogún tí wọ́n ti ń gbin igi, tí wọ́n ń gba ṣọ́ọ̀bù kan sí i, kí wọ́n tó dáwọ́ lé e. Wọ́n wó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n wó kì í ṣe ilé tí ẹnikẹ́ni ń sùn sí, àárín ìlú sì ti lágbára tó kí wọ́n tó wó o. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwòkọ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ ìlú ní jàǹbá. Ní 1959, Kalamazoo ní Michigan ti ọkọ̀ kúrò ní ojú títì ìgboro rẹ̀, òun ni àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ìlú ló sáré tẹ̀ lé e, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn sì ti ṣí títì náà padà fún ọkọ̀. Kalamazoo fúnra rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1998. Síbẹ̀, Pontevedra ní Spain bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 1999, ìlú náà sì ń gbèrú di òní. Ohun tí mo rò pé ó mú ìyàtọ̀ wá ni pé àwọn ènìyàn ń gbé àárín Pontevedra, wọ́n ń jí síbẹ̀, ọmọ wọn ń fẹsẹ̀ rìn lọ ilé ìwé. Àwọn oníbàárà Kalamazoo ti kó lọ sí ẹ̀yìn odi, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń wá. Títì kan náà ni, àwọn tó wà lójú rẹ̀ ló yàtọ̀.

## Abẹ́ ilẹ̀

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí àwọn ará ìlú máa bèèrè jù ni èyí tí kò sí nínú àwòrán rárá. Ní ọ̀pọ̀ àárín ìlú tó ti pẹ́, páìpù tó wà lábẹ́ títì ti lé ní 100 ọdún. Ní ibòmíràn, páìpù kan náà ló ń gbé omi òjò àti omi ìdọ̀tí, tí òjò ńlá bá rọ̀, àwọn méjèèjì á jọ ya wọ odò. Bí wọ́n bá tẹ́ òkúta olówó iyebíye sórí irú páìpù bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi tún hú u. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ pààrọ̀ páìpù, kí ẹ fi okùn iná àti ti íntánẹ́ẹ̀tì sí i, kí ẹ tó tẹ́ ohunkóhun lé e.

Ẹ má sì ti gbogbo títì pa lẹ́ẹ̀kan náà. Oníṣọ́ọ̀bù kékeré kò ní owó tí yóò fi jókòó oṣù mẹ́fà láìtajà. Bí katapílà bá gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí ọdún fi yípo, yóò ti kógbá wọlé kí títì tuntun tó gbẹ, ẹni tó lè san owó ìyá ilé tuntun ni yóò sì gba ipò rẹ̀. Apá kan títì ni kí wọ́n máa ṣe tán kí wọ́n tó bọ́ sí èkejì, kí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ máa wà dé ẹnu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì ya owó ìrànwọ́ sọ́tọ̀ fún wọn láti inú owó iṣẹ́ náà. Owó tí ìyẹn yóò ná lè kéré sí ti ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń fi sí ojú títì.

Lẹ́yìn ìdájọ́ 2005, ìpínlẹ̀ tó lé ní 40 ní Amẹ́ríkà tún òfin wọn ṣe lórí gbígba ilé onílé. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n kò kan ibi tí ọgbẹ́ wà gan-an. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Fort Trumbull fọwọ́ ara wọn ta ilé wọn, wọ́n sì wó o bákan náà. Àwọn ìlú kan ti wá ní òfin tó kúrú ju ìyẹn lọ: ẹnikẹ́ni kò ní gba ìwé àṣẹ láti wó ilé ní àárín ìgboro àfi bí ó bá ti gba ìwé àṣẹ láti kọ́ òmíràn sójú ibẹ̀. Èmi á fi kún un pé kí ó fi owó ìkọ́lé náà hàn, kí ó sì dáhùn ìbéèrè kan ní gbangba níwájú àwọn tó ń gbé àdúgbò náà, kí ìwé tó kọjá: bí ẹni tí ẹ ń retí kò bá wá, kí ni yóò wà lójú ilẹ̀ yìí ní ọdún méjì sí i?